Mo Ṣì Wà Láàyè, O Ní O Ti Di Ọmọ Òrukàn

Adó-Èkìtì,
ní àsìkò ebè kíkọ.

Ilésanmí ọmọ mi,

Kí o tó ka ohunkóhun, mọ̀ pé n kò kú. Mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, mo gbé ẹsẹ̀ mi lé orí àpótí, mo ń sọ̀rọ̀, Jósẹ́fù télọ̀ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá rán ènìyàn sí ọ ní Ìgèdè pé, "Lọ sọ fún un pé ara bàbá rẹ̀ kò yá díẹ̀, kí ó máa bọ̀ nílé," mo mọ ohun tí etí rẹ yóò gbọ́. Yóò gbọ́ pé bàbá rẹ ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń gbọ́ ọ níhìn-ín, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń sọ ọ́. Bí bàbá ènìyàn bá kú, a ó ní ara rẹ̀ kò yá, kí ọmọ lè rìn dé ilé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ní tòótọ́, tí ó sì fẹ́ rí ọmọ rẹ̀, kò ní ọ̀rọ̀ kankan tí yóò fi ránṣẹ́ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi pe Jósẹ́fù. Ara mi kò yá. N kò kú. Gba méjèèjì gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

O mọ Jósẹ́fù, ará Abẹ́òkúta tí ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba. Ó mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ń fi ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta tún tèmi ṣe. Èmi ń sọ ulé, òun ń kọ ilé. Mo ti fi ìyẹn sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún un pé kí ó má gé ọ̀rọ̀ mi, kí ó má sì ṣẹ́ ẹ létí. Bí o bá dé ibi tí ó dùn jù, mọ̀ pé òun ló wà níbẹ̀.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ wa. Jósẹ́fù kà á sókè fún èmi àti ìyá rẹ. O sọ pé Bàbá Jeremáyà, àgbàlagbà tí o ń gbé nílé rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti rán ọ lọ ṣe tìṣà ní Ìgèdè, ti jáde láyé. Mo káàánú. Mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ìyá rẹ náà ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni Jósẹ́fù dé ibi tí o gbé kọ ọ́ pé, "Láti òní lọ, mo ti di ọmọ òrukàn."

Mo ní, "Tún un kà."

Ó tún un kà.

"Tún un kà."

"Bàbá, bákan náà ni ó ṣe wà níbẹ̀. Kò yí padà."

Ìyá rẹ ti ń fi ìborùn bo ẹnu. Ó ní, "Ẹ̀ ń jowú òkú, Bàbá Ilésanmí."

"Ta ló ń jowú?"

"Ẹ fọwọ́ kan imú yín, ẹ wò ó bí ó ṣe ń ṣí tó ń padé."

"Ọmọ òrukàn ló pe ara rẹ̀! Ìwọ gan-an ti kú nìyẹn."

"Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣu kaná yìí? Ó dáa. Iṣu òkú ni ẹ óò jẹ lónìí."

Jósẹ́fù rẹ́rìn-ín títí tí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀ nu. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ìbànújẹ́ ló mú ọ kọ ọ́, àti pé ẹni tó ń sunkún kò ní ìwọ̀n lọ́wọ́ tí yóò fi wọn ọ̀rọ̀. Síbẹ̀ owú ń jẹ mí, n kò sì ní purọ́ fún ọ nípa rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé ńlá rẹ̀ ni, tàbí ipò rẹ̀ nínú ìjọ, n kì bá tí sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń jowú rẹ̀ ni pé ó kú dáadáa, pé ojú rẹ ló kú sí, àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni o fi ń tu ara rẹ nínú nísinsìnyí. O kọ ọ́ pé kò sí ẹni tó tíì bá ọ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ. Ilésanmí, níbo ni mo wà ní gbogbo ìgbà yẹn?

Rántí ọjọ́ tí mo wá kí ọ ní Ìgèdè. Mo ru iṣu, mo fi àkùkọ sábẹ́ apá, mo fẹsẹ̀ rìn. Bàbá Jeremáyà wà lórí àga ní iwájú ilé rẹ̀. Ó nawọ́ sí mi.

"Ẹ káàbọ̀ o, bàbá tìṣà. Ọmọ wa ti ń retí yín."

Mo ní, "Ọmọ ta?"

"Ọmọ wa ni. Àbí ẹ̀yin nìkan lẹ bí i ni?"

"Èmi àti ìyá rẹ̀ ni. A kò rí yín níbẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ sì pé sí ẹnu rẹ̀. Àgbàlagbà tó jù mí lọ! Ìyẹn gan-an bí mi nínú. Nígbà tí oúnjẹ dé, o yọ eegun kúrò nínú ẹran tirẹ̀ kí o tó gbé e fún un. Èmi tí èrìgì mi ti ṣófo, o gbé eegun fún mi, o ní, "Bàbá mi, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn eegun." Mo fẹ́ràn eegun lóòótọ́, nígbà tí mo ní eyín. Mo lá eegun náà bí ẹni tó ń fọn fèrè.

Nígbà tí o lọ pọnmi, mo bi í léèrè pé, "Kí ni ẹ máa ń bá ọmọ mi sọ títí tí ilẹ̀ fi ń ṣú? Ó kọ ọ́ sí wa pé ẹ̀ ń kọ́ òun lọ́gbọ́n."

Ó ní, "N kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ohun tí ó bá bi mí léèrè ni mo ń dáhùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo rù padà sí Adó, ó sì wúwo ju iṣu tí mo rù lọ. Ìwọ kò bi mí léèrè rí. A jọ kọ ebè láti kékeré rẹ, o sì máa ń bi mí bóyá òjò yóò rọ̀, bóyá ilẹ̀ ti rọ̀ tó, ìgbà wo ni a óò lọ sílé. O kò bi mí ohun tí mo ń rò bí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ yẹn. O rò pé iṣu ni mo ń rò. Mo ń ro iṣu lóòótọ́. Mo tún ń ro ikú, nítorí ọkàn ẹni tó bá ń kọ ebè láti àárọ̀ kò ní ibi tí kò ní rìn dé. Nítorí náà, bí o kò tilẹ̀ bi mí, èmi yóò dáhùn. Tẹ́tí sí mi. N óò máa kà á bí mo bá rántí láti máa kà á.

Èkínní ni ọ̀rọ̀ Bàbá Jeremáyà fúnra rẹ̀. O ní ó di ọ lọ́wọ́ mú, ó ní kí o má bẹ̀rù, pé kí a tó bí òun, òun ti wà níbi tí kò sí ebi, tí kò sí òùngbẹ, tí kò sí ẹ̀rù, òun kò sì rántí pé ibẹ̀ dun òun. Ó ní bí òun bá ń padà sí irú ibẹ̀, kí ni òun óò fi dẹ́rù ba ara òun sí. Ọ̀rọ̀ náà dára. Mo ti rò ó rí kí irun mi tó funfun, lábẹ́ òkè, ní oko wa tó wà ní ọ̀nà odò, nígbà tí oòrùn lé mi sábẹ́ igi. Ó tù mí nínú títí mo fi dé ilé. Nígbà tí mo dé ilé, ìyá rẹ gbé omi fún mi, ìwọ sì ń rákò bọ̀ wá fa ṣòkòtò mi. Ọ̀rọ̀ náà sì já lọ́wọ́ mi.

Wò ó dáadáa. Kí a tó bí mi, n kò mọ ìyá rẹ. N kò tíì jẹ iṣu tuntun rí. Kò sí ọmọ kankan tó ń fa ṣòkòtò mi. Bí mo bá wà níbi tí kò sí nǹkan kan nígbà náà, kò sí ohun tí mo fi sílẹ̀ tí mo fi lọ síbẹ̀. Nísinsìnyí ńkọ́? Ẹni tí kò ní ilé rí, tó sùn síta, àti ẹni tí wọ́n lé jáde kúrò nílé rẹ̀, ṣé òtútù kan náà ló ń pa wọ́n? Nítorí náà ọ̀rọ̀ Bàbá Jeremáyà kúrú díẹ̀. Ó bo àyà, kò bo ẹsẹ̀. Jósẹ́fù ní bí aṣọ bá kúrú, ènìyàn lè fi aṣọ mìíràn lé e. Mo ní kí ó máa kọ̀wé, pé kò sí ẹni tó ní kí ó ránṣọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ó sọ, aṣọ tí mo fi lé e ni mo sì ń bọ̀ wá sọ.

Èkejì. Mo wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, n kò tíì fẹ́ ìyá rẹ. Mo ń gbé ní ahéré wa ní oko ẹ̀yìn odò, pẹ̀lú àbúrò bàbá mi obìnrin kan tó máa ń se oúnjẹ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin kan dé láti ilé. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ahéré, kò jókòó.

Ó ní, "Wọ́n ní kí o máa bọ̀ nílé. Ara bàbá rẹ kò yá díẹ̀."

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Kí ló ń ṣe é?"

"Ara rẹ̀ kò yá ni."

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Máa bọ̀ ṣáà."

Kí ni ìwọ náà ìbá gbọ́? Àbúrò bàbá mi ti já gèlè, ó ti dì í mọ́ ìdí, ó ti figbe ta. A bọ́ sọ́nà. Gbogbo ẹni tí a bá pàdé ń bi wá, a ń sọ fún wọn, àwọn náà ń tẹ̀ lé wa. Mo ń ké lọ pé, "Bàbá mi o, ẹni tó kọ́ mi ní ebè kíkọ! Ẹni tó máa ń fi iṣu tó jóná fún ara rẹ̀, tó ń fi èyí tó dára fún wa! Ẹni tó gùn bí ọ̀pẹ!" Ọkùnrin tó wá pè wá ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, ó ń pariwo nǹkan kan, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Bí mo ti dé agbo ilé wa, mo ṣubú lulẹ̀, mo ń yí gbiri nínú erùpẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn kan lókè orí mi.

"Ta ló kú?"

Bàbá mi ni. Ó jókòó ti ògiri, ó ti ẹsẹ̀ bọ inú ìkòkò omi gbígbóná, ewé lẹ̀ mọ́ ikùn rẹ̀. Inú ló ń run ún.

Ọkùnrin tó wá pè wá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ń mí hẹlẹ. Ó ní, "Mo ní ara wọn kò yá! Ṣé n kò sọ ọ́ ni?" Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Òótọ́ ló sọ, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tó fi ọ̀rọ̀ náà sọ òótọ́.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún di ikùn mú. Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀, ó sì wò mí.

"Má dákẹ́. Parí rẹ̀. O ní mo kọ́ ọ ní ebè kíkọ, o ní mo fún ọ ní iṣu tó dára. Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Mo ní, "Bàbá, n kò lè sọ ọ́ mọ́."

"Kí ló dé? Nítorí pé mo ń gbọ́? Bí erùpẹ̀ bá kún mi létí, ìgbà yẹn ni yóò rọrùn fún ọ?"

Ó le mọ́ mi. Ìwọ mọ̀ pé orí kunkun mi kò wá láti ọ̀nà jíjìn. Mo jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ lójú, mo ń sọ ọ́, mo ń kólòlò. Bí mo bá sọ èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀, ó ń tún un ṣe. Mo ní òun ló gbé mi kọjá odò nígbà tí omi kún. Ó ní, "Rárá, àbúrò ìyá rẹ ni. Má gbé iyì oníyì wọ̀ mí." Nígbà tí mo sọ tán, ó ń fi ẹsẹ̀ ro omi inú ìkòkò náà.

Ó wá ní, "Ṣé o rí gbogbo ohun tí o sọ yẹn? Ó ti ṣẹlẹ̀. Iṣu tí mo jẹ lọ́dún tó kọjá, ikú kò lè bẹ̀ mí wò kí ó ní kí n pọ̀ ọ́. Ọmọ tí mo gbé pọ̀n, mo ti gbé e pọ̀n. Èyí tó kù níwájú nìkan ni ikú lè gbà lọ́wọ́ mi, n kò sì tíì mọ bí yóò ti rí, bóyá ó tilẹ̀ korò. Èyí tó wà lẹ́yìn, èmi ni mo ni ín."

Aṣọ kejì nìyẹn, Ilésanmí. Ọ̀rọ̀ Bàbá Jeremáyà sọ ibi tí kò sí nǹkan kan fún ọ. Ọ̀rọ̀ bàbá bàbá rẹ sọ ibi tí nǹkan wà. Bí ẹ̀rù bá bà mí nísinsìnyí, mo máa ń ka ohun tí mo ti jẹ. Mo ka iṣu, mo ka ọdún ìkórè, mo ka ọjọ́ tí ìyá rẹ gbà láti fẹ́ mi lẹ́yìn tí ó ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè wọlé wá kó wọn jáde.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ nìyí. Má tọ́jú ọ̀rọ̀ rere de òkú. Bàbá mi tún pẹ́ láyé lẹ́yìn ọjọ́ náà, nígbà tí ó sì kú ní tòótọ́, àwọn ará ilé ní mo le lọ́kàn, pé n kò ké tó. Kí ni n óò tún máa ké? Mo ti sọ ọ́ fún un, ó ti gbọ́, ó tilẹ̀ ti tún un ṣe. Mo gbọ́ pé ìwọ sọ̀rọ̀ níbi òkú Bàbá Jeremáyà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àti pé gbogbo ènìyàn sunkún. Mo bi Jósẹ́fù bóyá òkú náà mi orí. Ìyá rẹ ní kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn. Mo ti tọrọ rẹ̀.

Èyí tó kàn, mo ti gbàgbé iye tí a dé. Ní ayé ọ̀dọ́ wa, ẹgbẹ́ wa ló máa ń gbẹ́ ilẹ̀ bí àgbà bá kú ní àdúgbò wa. Inú ilé ni a ń gbẹ́ ẹ sí nígbà náà, nínú yàrá rẹ̀. A ń gbẹ́ ẹ ní ìpààrọ̀. Ẹni tí ó bá rẹ̀ a jáde, ẹlòmíràn a wọlé. Ọjọ́ kan mo wà nínú rẹ̀ tí ilẹ̀ ti dé mi lọ́rùn. Ìta ń gbóná, ṣùgbọ́n inú ibẹ̀ tutù bí ìdí àmù. Ohùn àwọn tó wà lókè di kékeré. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri rẹ̀, mo sinmi, ara sì tù mí. Fágbèmí ẹlẹgbẹ́ mi yọ orí.

"Òjó, má sùn síbẹ̀ o! Ilé onílé ni."

Mo ní, "Fún mi lómi. Onílé kò tíì dé."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan ọmọ olóòkú. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ gan-an kò dẹ́rù bà mí. Mo ti dúró níbẹ̀, mo ti mu omi níbẹ̀. Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ ọ́ bí ibi tí ẹnikẹ́ni kò dé rí, mo máa ń dákẹ́ ni. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni ọ̀nà ibẹ̀, ìyẹn àìlèmí dáadáa, àìlèdìde. Mo sọ ọ́ fún ọ kí o lè mọ ìyàtọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bẹ̀rù méjèèjì pọ̀, tí ẹrù náà sì ń wúwo ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ẹ̀rù bá bà ọ́ lọ́jọ́ kan, kọ́kọ́ bi ara rẹ pé èwo nínú rẹ̀ ni.

Èmi wà lójú ọ̀nà náà nísinsìnyí. N óò sọ ọ́ bí ó ti rí. Ẹsẹ̀ mi ti wú. Bí mo bá rìn dé ẹ̀yìnkùlé, mo ní láti jókòó kí n tó padà. Bí mo bá dùbúlẹ̀ gbalaja, èémí a sá fún mi, nítorí náà mo ń fi ẹ̀yìn ti ògiri sùn. Ìyá rẹ fún mi ní àgbo, ó sì tún mú mi lọ sí dípẹ́ńsárì. Oògùn méjèèjì korò, n kò sì mọ èyí tí kò ṣiṣẹ́ nínú wọn. Àwọn tí a jọ ń ṣe àáró ti kọ ebè mi fún mi lọ́dún yìí. Mo jókòó sí etí oko, mo ń wò wọ́n. Ebè wọn kò dára tó tèmi. Mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde wá tún un kọ. N kò lè dìde.

Ọjọ́ yẹn ni mo gbé gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kà fún ọ wọ̀nyí jáde, mo tò wọ́n síwájú ara mi. Ọ̀rọ̀ Bàbá Jeremáyà, ọ̀rọ̀ bàbá mi, ihò tó tutù. Gbogbo wọn dára, n kò rí èké nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè gbá mi lọ́wọ́ mú dìde kúrò ní etí oko. Ìyá rẹ ló gbá mi mú. Bí mo ti gbára lé èjìká rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn lẹ́nu mi, mo sì sọ ọ́ fún un lójú ọ̀nà, òun náà sì rántí ọjọ́ tí ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, a sì jọ ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá sílé.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ìwọ kò rí, pẹ̀lú gbogbo ìwé rẹ. O ń sọ kiri pé ọ̀rọ̀ ló mú kí Bàbá Jeremáyà kú ní àlàáfíà. Èmi kò gbà. Ká ní òun nìkan ló wà nínú yàrá náà, tí ó ń sọ fún ògiri pé ibi tí òun ti wà rí kò dun òun, mo fẹ́ mọ bí ohùn rẹ̀ ìbá ti rí. Ìwọ ló sọ ọ́ fún. Ìwọ jókòó tì í, ojú rẹ sì gba ọ̀rọ̀ náà bí ó ti ń jáde. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ tó dára lórí ikú, tí kò rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún, ẹrù ni ó rù. Bàbá yẹn rí ọ. Ohun tí mo ń jowú rẹ̀ gan-an nìyẹn, mo ti wá a títí kí n tó rí i: kì í ṣe eyín rẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi tó kẹ́yìn: bí o bá fẹ́ kọ́ nípa ikú, má kọ́ ọ fún ara rẹ nìkan. Nígbà tí o bá gbéyàwó, máa bá a sọ ọ́ nígbà tí ara yín le. Máa bá àwọn ọmọ rẹ sọ ọ́. Bí wọn kò bá bi ọ́ léèrè, bẹ̀rẹ̀ láìdúró dè wọ́n. Mo dúró dè ọ́ pẹ́ jù.

O kọ ọ́ pé ìwọ yóò wá sílé ní ìsinmi Kérésì, lẹ́yìn tí o bá ti bá wọn ṣe ìsìn ìrántí. Kérésì jìnnà, Ilésanmí. Iṣu tí wọ́n ń gbìn báyìí yóò ti gbó kí ó tó dé. Ẹni tí ẹ ń ṣe ìrántí rẹ̀ kò tún ní nǹkan kan tí yóò ṣe. Ó lè dúró dè ọ́. Wá ní Sátidé.

Kí o má sì wá pẹ̀lú ìrètí pé ìwọ yóò rí irú èyí tí o rí ní Ìgèdè. N kò lè ṣèlérí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí n kígbe. Ó ṣeé ṣe kí n bá ẹni tó gbé omi fún mi jà. Ó ṣeé ṣe kí n gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí, kí n máa bẹ̀bẹ̀ bí ọmọdé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, má fi mí wé Bàbá Jeremáyà. Bí o bá fi mí wé e, n óò mọ̀, yóò hàn lójú rẹ.

Jósẹ́fù ní ìwé ti fẹ́ tán, pé báwo ni kí òun ṣe parí rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ti ń ṣe é ni pé kí òun kọ pé ìyá rẹ kí ọ, àwọn ará ilé kí ọ, àwọn ará ìjọ kí ọ. Mo ní bí ó bá kọ gbogbo wọn, ibo ni n óò wà?

Ìyá rẹ ń sọ láti ibi ààrò pé, "Ẹ jẹ́ kí ó kọ ọ́ pé mo kí ọmọ mi!"

Ó kí ọ.

Tí o bá dé, tí o bá bá mi lójú oorun, jí mi. Tí mo bá ń bínú, jẹ́ kí n bínú tán. Má bi mí léèrè nǹkan kan nípa ikú. Mo ti sọ ọ́ síbí, ìwọ lè máa kà á nígbà tó bá wù ọ́. Fa àpótí kan sún mọ́ mi, kí o jókòó.

Èmi ni,
Òjó, bàbá rẹ kan ṣoṣo.